Aṣọ́lé Ìpele Keje

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Etí ibùsùn ni mo jókòó sí tí mò ń kọ ìwé yìí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nínú bàsíà omi gbígbóná, nítorí náà ẹ gba ìdọ̀bálẹ̀ mi bó ṣe mọ. Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun, àti pé òjò kò jò sórí ibùsùn mi mọ́. Wọn ò tún òrùlé ṣe o, èmi ni mo sún ibùsùn.

Ìròyìn kan ló mú mi kọ̀wé. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ti gbà mí. Ẹ rọra kà á, kí ẹ má tíì dìde. Ìpele keje ni ẹgbẹ́ náà wà. Bí ẹ bá fi bọ́ọ̀lù ibí wé ilé alájà, àwọn tí ẹ ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n wà lókè téńté, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Àwa wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí. Ìpele kẹjọ ṣì wà lábẹ́ wa, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìmọ́lẹ̀ ń dé ọ̀hún.

Sẹmi-pró ni wọ́n ń pe irú wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù tán, a ò sì bọ́ lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù. Owó ọkọ̀ ni wọ́n ń fún wa, àti oúnjẹ lẹ́yìn eré. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, mo ṣì wà nílé ìfọṣọ ilé-ìwòsàn, tí mò ń ki aṣọ ibùsùn bọ inú ẹ̀rọ tó tóbi ju yàrá mi lọ. Sátidé nìkan ni mo ń di agbábọ́ọ̀lù, ó sì máa ń bọ́ kúrò lára mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyí. Mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo dúró létí wáyà pápá wọn láti wò wọ́n. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan rìn wá bá mi, ó ní, "Ìwọ tó ga yìí, ṣé o lè fò?" Mo ní rárá. Ó ní, "Kò burú, wọlé." Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni. Iṣẹ́ alápatà ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì máa ń wo èèyàn bí ẹni ń wá ibi tí eegun gbà kọjá. Ìka aṣọ́lé tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ti há sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bí ẹ bá ń bi mí ohun tí wọ́n rí lára mi, ìka mẹ́wàá ni.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án

Ògiri, ọmọ mi,

A wà láàyè. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mo fi ń gẹrun kò gbọ̀n. Ìyá rẹ ka ibi tí o ti ní ẹsẹ̀ rẹ wà nínú omi gbígbóná, ó sunkún. O ò ṣe mọ irú ohun tí wọ́n ń kọ sílé?

Mo ka lẹ́tà rẹ sókè ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí mò ń gẹ irun rẹ̀ lọ́wọ́ ní kí n pa ẹ̀rọ, kí òun lè gbọ́ dáadáa. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí wọ́n ti gbà ọ́ sẹ́gbẹ́, gbogbo wọn dìde. Àwọn ibi tí o ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ, mo fò ó. Mo mọ ìwà rẹ. Nígbà tí o gba ipò kìíní ní kíláàsì, ńṣe lo wálé tí o ní àìsàn ló dá àwọn tó kù dúró sílé. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ lórí ara rẹ, ó máa rò pé mo bí ọ̀lẹ.

Keje. Keje nínú gbogbo ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ńlá bẹ́ẹ̀, o wá ń fi wé ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. A wá tábìlì líìgì wọn nínú ìwé ìròyìn, a sì rí ẹgbẹ́ tó wà ní ipò keje. Àwọn ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń tì lẹ́yìn báyìí. A ti wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ́lé wọn kò jọ ọ́ rárá, irun rẹ̀ tiẹ̀ pọ́n. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tiwa ló là wá lóye: ó ní orí bẹ́ǹṣì lo ṣì wà, pé kámẹ́rà wọn kì í dé ibẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bá ẹni tó ń gbé kámẹ́rà sọ̀rọ̀, kó ṣe bí ẹni ṣèèṣì kọjá lọ́dọ̀ rẹ.

Fi jésì rẹ kan ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ gbé e kọ́ sókè dígí.

Má pè mí lórí fóònù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí òróró tó ń ta nínú agbada ni mo ṣe ń gbọ́ ọ. Lẹ́tà ló dùn, ó ṣeé kà fún èèyàn.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí orúnkún yín. Ẹ bẹ Màmá fún mi, omi náà ti tutù, ẹsẹ̀ mi ti gbẹ.

Bàbá, ìpele keje kì í ṣe ipò keje. Ẹgbẹ́ tí ẹ ń wò yẹn, bí aṣọ́lé onírun pupa wọn bá rí mi lójú títì, owó ni yóò rò pé mo fẹ́ tọrọ. Àwa wà nínú líìgì mìíràn, tó wà lábẹ́ òmíràn, tó tún wà lábẹ́ òmíràn. Nínú tiwa náà, ipò kejì ni a wà, bí ẹ bá kà á láti ìsàlẹ̀. Kámẹ́rà kan wà o. Ìyàwó balógun ẹgbẹ́ wa ló ni ín, fóònù rẹ̀ ni, bí ọmọ wọn bá sì ti sunkún, kò ní sí àwòrán mọ́ títí eré yóò fi parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eré àkọ́kọ́ mi fún yín. Pápá wa dagẹ̀rẹ̀ sí apá kan, tó jẹ́ pé bí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù sókè, àárẹ̀ á mú wa. Bí a bá ń gbá a sísàlẹ̀, á sá fún wa. Àwọn olùwòran wa kò ju èrò ọkọ̀ kékeré kan lọ, ajá kan sì wà láàárín wọn tí kì í pàdánù eré kankan. Wọ́n gbá mẹ́fà wọlé mi. Èyí àkọ́kọ́, oòrùn ló wọ̀ mí lójú. Èkejì, mò ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oòrùn fún balógun lọ́wọ́. Àwọn tó kù kò ní àwáwí. Nígbà tí ìkẹfà wọlé, ajá náà dìde, ó lọ sílé.

Nílé-ìwé, Ògiri ni wọ́n ń pè mí. Níbí, Ilẹ̀kùn ni wọ́n sọ mí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri yín ti lanu, Bàbá, aláǹgbá ìpele keje sì pọ̀ bí nǹkan míì.

Mo ti fi jésì ránṣẹ́. Ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni wọ́n ń polówó iṣẹ́ wọn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá

Ògiri,

Ọwọ́ mi tẹ jésì. Káàbọ̀ sí ìtìjú mi.

Mo gbé e kọ́ sókè dígí, mo tiẹ̀ lọ̀ ọ́ kí n tó gbé e kọ́. Ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin kan wá wọlé tó gbọ́ èdè ọ̀hún, tíṣà ni. Mo ti fi ọṣẹ sí i lágbọ̀n, abẹ ti wà lọ́wọ́ mi. Ó gbójú sókè, ó kà á, ó di àga mú. Mo ní, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ gbé abẹ yẹn sílẹ̀." Ó ní ohun tí wọ́n kọ ni pé, Ẹ fà wọ́n lé wa lọ́wọ́, a ó sin wọ́n tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

O mọ̀ pé àwọn tó ń sìnkú ló ń ràn yín lọ́wọ́, o sì jẹ́ kí n gbé orúkọ wọn kọ́ sókè ibi tí mo ti ń fi abẹ sí èèyàn lọ́rùn. Àwọn oníbàárà mi méjì ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀. Mo ti yí jésì náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú sí wa báyìí.

Lórí ti ìpele tí o ń ṣàlàyé, mo ti gbọ́. O fẹ́ kí ojú aráyé kúrò lára rẹ ni, ọgbọ́n sì ni. Mẹ́fà tí o ní wọ́n gbá wọlé rẹ, mo kà á fún wọn pé mẹ́fà lo mú.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì nìyí. O rántí àbúrò gbẹ́nàgbẹ́nà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìjì. Ó ti di ọkùnrin, ó mọ bọ́ọ̀lù gan-an. Ọkùnrin kan tó ń wọ táì nínú oòrùn ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù lòun, ó lè mú un dé ọ̀dọ̀ yín. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣiyèméjì. Ó wá bi mí níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ lọ́mọ níbẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo fọwọ́ sọ àyà. Mo ní bí ó bá ti lè dé ibẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ yóò gbà á. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní òun máa ta ẹ̀rọ tí òun fi ń la pákó láti fi rán an lọ. Kí oṣù kejìlá tó parí ni ẹni tó fẹ́ rà á máa wá gbé e.

Nítorí náà, bá alápatà yín sọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan nínú lẹ́tà yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á fún ara yín kí ẹ tó la ẹnu. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ń rìnrìn àjò bọ̀ wálé lọ́la, òun ni mo fi rán, kó má bàa pẹ́ dé.

Ẹ má jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà ta ẹ̀rọ rẹ̀.

Kò sí ẹgbẹ́ ìpele keje tó lè mú ẹnikẹ́ni wọ ìlú yìí. A ò lágbára ìwé àṣẹ, a ò lágbára owó oṣù. Alápatà kò lè gba Ìjì, kódà kó fẹ́ràn rẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá dé, kò ní rí pápá kankan. Yóò wá ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bíi tèmi, wọn ò sì ní gbà á síbẹ̀, nítorí mo ní ìwé tí òun kò ní. Ọkùnrin onítáì yẹn mọ gbogbo èyí. Ohun tó ń tà fún wọn ni orúkọ ọmọ yín.

Òótọ́ ni mo ti ń sọ fún yín láti oṣù kẹsàn-án. Mo kàn ń fi ẹ̀rín dì í, bí èèyàn ṣe ń fi aṣọ di egbò. Ẹ rí aṣọ, ẹ ò rí egbò. Mi ò dá yín lẹ́bi. Èmi ni mo dì í.

Ẹ máa bi mí pé, kí ló dé tí mo tún ń gbá a. Kí n tó rí ẹgbẹ́ yìí, mo lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má pè mí. Níbi iṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká gbọ́ra. Nílé, ilẹ̀kùn mi ni mò ń kí. Ní Sátidé, àwọn ọkùnrin kan dúró dè mí nínú ọkọ̀, bí mo bá pẹ́, inú á bí wọn. Bàbá, ó dùn mọ́ mi kí inú bí ẹnìkan nítorí pé mi ò tíì dé.

Ìyẹn tó èmi. Kò tó ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà lè tìtorí ẹ̀ ta ohun tó ń jẹ́ kó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ẹ lọ bá a. Kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún un, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sọ àyà. Mo mọ bí yóò ṣe rí lójú yín. Ẹ ṣáà lọ.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. Ẹni tí mo fi lẹ́tà rán ti padà síbi iṣẹ́, ó ní ọwọ́ yín lòun fi í lé. Mo pè yín, fóònù ń dún, ẹ ò gbé e. Mo pe Màmá, wọ́n ní ẹ ń sùn. Lọ́sàn-án gangan.

Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́, màá kà á. Dídákẹ́ yín le ju bọ́ọ̀lù lọ, mi ò mọ apá ibi tí màá fò sí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò gún, farabalẹ̀ kà á. Ṣé o ń jẹun?

Bàbá rẹ kò ṣàìsàn. Ojú ló ń tì í. Lẹ́tà rẹ dé bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti gẹ ìdajì orí ọkùnrin kan. Ó kà á láìsọ̀rọ̀, mo sì wà níbẹ̀, oúnjẹ ni mo gbé lọ fún un. Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sápò, ó jáde. Orúnkún tó ní ó ń dun òun, ọmọ mi, ó sáré. Ọkùnrin ìdajì orí náà sáré tẹ̀ lé e, torí ó rò pé iná ń jó níbìkan, aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Wọ́n ti ń ti ẹ̀rọ náà gun ọkọ̀ nígbà tó débẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á kò dúró de ìparí oṣù mọ́. Bàbá rẹ dúró sáàárín ọkọ̀ àti ẹ̀rọ. Kò lè sọ̀rọ̀, èémí rẹ̀ ò délẹ̀. Ó kàn na lẹ́tà sí gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìyẹn kà á, ó tún kà á. Ó ní, "Ẹ wá purọ́ fún mi nígbà yẹn?" Bàbá rẹ ní, "Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù ni." Gbẹ́nàgbẹ́nà ní kí wọ́n sọ ẹ̀rọ kalẹ̀. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Títì kan ló wà láàárín wọn, ojú wọn ń pàdé ní gbogbo ọjọ́. Ìjì kì í kí wa. Àwọn èèyàn sì ń fi bàbá rẹ ṣẹ̀fẹ̀. Bí ó bá kọjá, wọ́n á ní, "Bàbá Onípò Keje." Kì í jókòó síta mọ́. Ó ní òun máa kọ̀wé sí ọ nígbà tí òun bá ní ohun tí òun lè sọ.

Má bínú sí i. Ó já jésì rẹ lulẹ̀ lókè dígí, àmọ́ ó fọ̀ ọ́, ó ká a, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo rí i. Má sọ pé mo sọ fún ọ.

Màmá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀, mi ò fi ipá mú yín. Ṣùgbọ́n nǹkan ṣẹlẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bó ṣe rí gan-an ni mo kọ ọ́, ẹ̀rín tó bá wà níbẹ̀, àwọn tó wà ní pápá ló kọ́kọ́ rín in.

Àná la gbá eré tó kẹ́yìn ní sáà yìí. Bí a bá ta ọ̀mì, a ó dúró sí ìpele keje. Bí a bá pàdánù, ọ̀hún tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé là ń lọ. Àwọn olùwòran pọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀gbọ́n balógun kó ẹbí rẹ̀ wá. Tíṣà kan tó ń gbá iwájú fún wa gbá ọ̀kan wọlé. Àwọn náà gbá ọ̀kan. Lóòótọ́, èyí tí wọ́n gbá yẹn gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Eré kù díẹ̀ kó parí, rẹfirí fún wọn ní pẹ́nárítì. Mo pinnu pé ọ̀tún ni màá fò sí. Ẹsẹ̀ mi ò sí níbi ìpàdé yẹn. Ó yọ̀, mo ṣubú sí òsì, bọ́ọ̀lù bá mi ní gìgísẹ̀, ó fò lọ sókè réré.

Gbogbo pápá pariwo. Bàbá, láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ẹnikẹ́ni ò pariwo tìtorí mi rí, àfi ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Mo dìde. Mo kọjú sí àwọn èèyàn, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo tiẹ̀ tẹríba díẹ̀. Wọ́n ń nàka sí mi. Alápatà ń fò sókè sódò. Mo ní nínú ara mi pé, báyìí ni iyì ṣe ń rí. Mo tún tẹríba.

Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń nàka sí. Bọ́ọ̀lù tó lọ sókè ti balẹ̀. Ó rọra yí gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, bí àlejò tí kò fẹ́ jí onílé, ó wọlé, ó sì dúró sínú àwọ̀n kó lè rí mi dáadáa.

A já.

A wọ yàrá ìmúra. Mo jókòó, mo fi aṣọ ìnura borí. Alápatà wá dúró síwájú mi. Ó ní, "Ilẹ̀kùn, kí lo ń ṣe tí o fi na ọwọ́ sókè?"

Mo ní, "Mò ń kí wọn ni."

Ó ronú sí i. Ó ní, "Ó dáa. Wọ́n kọ́ ọ nílé."

Tíṣà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà balógun, tí ó ti ń sunkún tẹ́lẹ̀, kò sì lè dá ọ̀kan dúró fún èkejì. Nígbà tó yá, alápatà bèèrè ẹni tó máa padà wá gbá ìpele kẹjọ, kó nawọ́. Gbogbo wọn nawọ́. Èmi náà nawọ́, àmọ́ mo kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mi ò bù ú kù, mi ò sì fi kún un.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìyá rẹ kí ọ. Ìbéèrè rẹ̀ kò yí padà, nítorí náà dá a lóhùn: kí lo jẹ?

Èmi náà kí ọ. Mo pẹ́, mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kò ju ẹyọ kan lọ, àti sọ ọ́ ló ṣòro: o kọ lẹ́tà tó yẹ kí o kọ. Mo sáré lé e lórí débi pé ọkùnrin tí mo gẹ ìdajì orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì ń bi mí bóyá mo tún máa sáré kó tó jókòó.

Ọkùnrin onítáì ti kó lọ. Ẹlòmíràn ló wà nínú yàrá tó ń gbé. A gbọ́ pé ìdílé méjì ní àdúgbò kejì ń wá a, ọmọ wọn kò tíì gbéra kúrò níbì kankan. Nígbà tí ìròyìn yẹn dé, mo rò pé gbẹ́nàgbẹ́nà yóò sọdá wá. Kò wá. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń la pákó, ariwo rẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀fun pákó á ṣì wà nírun rẹ̀.

Sátidé tó kọjá, èmi nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnìkan ṣíji bò mí lẹ́nu ọ̀nà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Irun rẹ̀ ti kún bí igbó, láti oṣù kejìlá ni kò ti gẹ̀ ẹ́, kò sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Ó jókòó sórí àga láì kí mi. Mo so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo gẹ irun. Mo fi ọṣẹ sí i lágbọ̀n. Mo ti gbé abẹ lé e lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tó ní, "Ẹgbẹ́ ọmọ yín ńkọ́? Wọ́n ṣì wà ní ìpele keje?"

Mo wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Ó ṣeé ṣe kí n sọ pé wọ́n wà dáadáa. Ahọ́n mi tiẹ̀ ti ń gbára dì. Mo ní, "Wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n já sí ìpele kẹjọ."

Ó ní, "Ta ló ń ṣọ́lé?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni."

Mo wá fa lẹ́tà rẹ yọ, mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Pẹ́nárítì, ẹsẹ̀ tó yọ̀, gìgísẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti na ọwọ́ sókè, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tí o tẹríba lẹ́ẹ̀kejì, mo ní láti gbé abẹ sókè kúrò lára rẹ̀, nítorí ọkùnrin náà ti dà lulẹ̀ lórí àga, ọṣẹ ti dé etí rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Mi ò rẹ́rìn-ín báyìí láti ọdún tó kọjá. O gọ̀ gan-an, mo sì fẹ́ràn rẹ gan-an, kò sẹ́ni tó ní kí n yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Mo parí àgbọ̀n rẹ̀. Kò dúpẹ́, èmi náà ò bẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó gbọn irun kúrò lára, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wá yíjú padà.

Ó ní, "Bí lẹ́tà rẹ̀ mìíràn bá dé, ẹ má tíì ṣí i. Ẹ kọ́kọ́ pè mí."

Nítorí náà, tètè kọ̀wé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń dúró.

Bàbá rẹ